Ìbalẹ̀ Ọ̀ranyàn àti Ìjábọ́: Ìperí fún Ọkọ̀ Òfuurufú tí Agbára Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Tán

1. Ìfáárà

Ní Ọ̀fà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tí a dá yàtọ̀ sí ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò dọ́gba. Irú ìyàtọ̀ yìí ni ó sábà máa ń sọnù nínú ìròyìn Yorùbá. ‘Bàálù já’ ni à ń sọ, ìbáà ṣe pé ọkọ̀ já bọ́ láti òkè, ìbáà ṣe pé awakọ̀ rọra gbé e balẹ̀ sínú oko. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìlọrin, níbi tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú sílẹ̀ sí, kò jìnnà sí Ọ̀fà. Òbí tí ó bá gbọ́ ‘bàálù já’ lórí rédíò lè ti máa ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí ó ṣì wà láàyè.

2. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí agbára bá tán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọkọ̀ yóò já bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára ìyẹ́ ni ó ń gbé ọkọ̀ ró. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni láti fà á síwájú kí afẹ́fẹ́ náà lè máa kọjá. Bí agbára bá tán, awakọ̀ yóò tẹ imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa fi gíga pààrọ̀ eré. Bí Cessna 172 bá wà ní ẹsẹ̀-bàtà 3,000 lókè ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì le, ó lè lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 8 kí ó tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá gbé imú rẹ̀ sókè jù nítorí àtidé ọ̀nà jíjìn, eré yóò tán, ìyẹ́ kò ní lè gbé ọkọ̀ ró mọ́, ọkọ̀ yóò sì já.

Lára ohun tí ń fa ìṣòro yìí ni kí epo tán, kí omi wọ inú epo, tàbí kí yìnyín dì nínú kábúrétọ̀. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru pàápàá, bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

3. Àwọn ìperí tí a dábàá

(i) Ìdínkù agbára ẹ́ńjìnnì: ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n, bí àwọn awakọ̀ ti máa ń wí, ‘kò fà mọ́’. Bí ó bá dákẹ́ pátápátá, kíkú ẹ́ńjìnnì ni.

(ii) Ìrábàbà: lílọ láìsí agbára ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ̀ àwòdì tí ó na ìyẹ́ láìjù ú ni a ti mú un.

(iii) Ìbalẹ̀ pàjáwìrì: orúkọ àjọni fún ẹ̀yà mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e yìí.

(a) Ìbalẹ̀ ọ̀ranyàn: ọkọ̀ kò lè máa lọ mọ́, awakọ̀ sì gbọdọ̀ balẹ̀. A kò lo ‘tipátipá’, nítorí ó lè dún bí ẹni pé ajínigbé ni ó fi ipá mú awakọ̀.

(b) Ìbalẹ̀ ìṣọ́ra: ọkọ̀ ṣì lè lọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ rí i pé ewu ń bọ̀.

(d) Ìbalẹ̀ orí omi: irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lórí odò Hudson ní New York ní 2009, nígbà tí ẹyẹ ba ẹ́ńjìnnì méjèèjì jẹ́. Gbogbo ènìyàn 155 tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó yè.

(e) Ìjábọ́: awakọ̀ kò lè yan ibi tí yóò balẹ̀ sí, tàbí kò lè kápá ọkọ̀ mọ́. Ní 2012, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ Dana pàdánù agbára, ọkọ̀ náà sì bọ́ sórí ilé ní Ìjú-Ìṣàgá, Èkó. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

4. Ìkádìí

Iye ẹni tí ó kú kọ́ ni òṣùwọ̀n ìyàtọ̀ yìí, bí kò ṣe yíyàn àti ìkápá. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, 2023, ọkọ̀ Jabiru kékeré kan wá sílẹ̀ ní òpópónà Ọba Akran, Ìkẹjà. Ó gbiná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí olùtumọ̀ tó lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, ‘ọkọ̀ wá sílẹ̀ lójijì’ ni kí ó kọ. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí bá fi òdodo hàn, kí ó wá yan ìperí tí ó bá a mu.