Ohun tí abiyamọ jẹ, àti ohun tó kan ọmọ

Nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, ìdí òkè Arigbo ní Dassa-Zoumè, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà, máa ń kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì á ti káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà Mímọ́, abiyamọ nínú wọn á sì pọn ọmọ wá. Kò sí èyí tí kì í gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ ó dàgbà. Nílé ńkọ́? Ìmọ̀ràn tí ìyá ọkọ àti aládùúgbò máa ń fún wọn kò yàtọ̀, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà bí ní Ìbàdàn: "Jẹun, kí wàrà rẹ lè dà." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò dáa: bí ọmọ bá rù, wọ́n á ní wàrà ìyá ló ṣàn bí omi.

Ẹ̀rí tó ta ko ẹ̀sùn yìí jù lọ wá láti abúlé Keneba ní Gáḿbíà, níbi tí Medical Research Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ibùdó ìwádìí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń tọ́mọ, oúnjẹ wọn kò sì tó, pàápàá lásìkò òjò tí àká ti ṣófo tí irè tuntun kò tíì dé. Andrew Prentice, Roger Whitehead àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fún àwọn abiyamọ ní bísíkíìtì ẹ̀pà àti tíì tí wọ́n fi fítámì sí, tó fi lé ní 700 kálórì lójúmọ́ kún ohun tí wọ́n ń jẹ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: ara ìyá yá sí i, ó sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n wàrà tí ọmọ ń mu kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Guatemala lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ìyá tó rù gan-an, rí i pé àfikún oúnjẹ mú kí ọmọ rí wàrà mu díẹ̀ sí i. Ebi ní ibi tó lè bá ènìyàn dé. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ara ìyá ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a.

Ọmọ gan-an ló ń pinnu bí wàrà á ṣe pọ̀ tó. Bó bá ti ń fa ọmú, ọpọlọ ìyá ń gbọ́ ọ, ó sì ń rán oje inú ara jáde pé kí ọmú ṣe òmíràn. Ọmú tí ọmọ kò fà gbẹ á dín iṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí omi àti àgbo tí a ń dà sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu fi máa ń ba wàrà jẹ́ ju àìsí ẹran nínú ọbẹ̀ lọ. Ikùn tó ti kún fún omi kò ní fa ọmú mọ́. Ògì gbígbóná tí a fi ń tọ́jú abiyamọ kò burú, ó ń pa òùngbẹ, ó sì ń tu ènìyàn lára; kò kàn lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ọmọ ń ṣe.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà ni ọmọ máa ń mu lójúmọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Láti ṣe é, ìyá nílò bí 500 kálórì lé sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ, ọ̀rá ara rẹ̀ ni yóò yọ ọ́. Kálísíọ́mù inú wàrà pàápàá, egungun ìyá ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ara a sì máa dá a padà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni abiyamọ ń jẹun fún, màá ní fún ara rẹ̀ ni ná.

Àwọn èròjà kan wà ṣá o, tí wọ́n kì í dé inú wàrà bí wọn kò bá gba ẹnu ìyá. Fítámì A jẹ́ ọ̀kan, epo pupa sì kún fún ohun tí ara fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan epo lórí iná títí ó fi funfun ti jó ohun náà dànù kí ọbẹ̀ tó délẹ̀. Áyódíìnì ń bẹ nínú iyọ̀ tí wọ́n fi í sí. Fítámì B12 ló le jù, torí ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù nìkan la ti lè rí i. Ní agbègbè Collines, níbi tí Dassa-Zoumè wà, wàrà sọ́yà pọ̀ lójú títì: wọ́n á gé e, wọ́n á dín in nínú epo títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n, wọ́n á sì bu ata lé e. Oúnjẹ tó ń mú ara le ni, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní B12. Wàgáṣì tí àwọn Fúlàní ń ṣe láti inú wàrà màlúù ní in. Bí a bá wá bu ọbẹ̀, orí ẹja á bọ́ sínú àwo baálé, omi ọbẹ̀ á kù fún ẹni tí ọmọ ń mu lára rẹ̀.

Èròjà irin yàtọ̀. Kò pọ̀ nínú wàrà ọmú, ohunkóhun tí ìyá ìbáà jẹ. Èyí tí ọmọ kó wá láti inú oyún ló ń ná, ó sì máa ń tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àsìkò yìí gan-an ni ìdàgbàsókè ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fà sẹ́yìn. Ìwádìí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé nǹkan bí 32 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Wọ́n tún ń dá wàrà lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé ògì tó ṣàn, tí kò lẹ́pà, tí kò lẹ́ja, ni ọmọ ń mu láràárọ̀.

Àwọn kan á ní bí ìran àwa ṣe rí nìyẹn. Rárá. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè tó gbé jáde ní 2006, wọ́n wọn àwọn ọmọ ní Accra pẹ̀lú ti Norway, Íńdíà, Oman, Brazil àti Amẹ́ríkà. Níbi tí ọwọ́ òbí ti tó ẹnu, tí ọmọ sì mu ọmú, ìdàgbà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ilẹ̀ Krobo ní Gánà, wọ́n fún àwọn obìnrin ní èròjà tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀pà láti inú oyún títí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, wọ́n sì wá ń fún ọmọ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejìdínlógún, àwọn ọmọ náà ga díẹ̀ ju àwọn tí ìyá wọn gba oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì tí wọ́n máa ń fún aláboyún lọ. Apá wo nínú ìtọ́jú náà ló ṣe é, ti oyún ni, ti ọmú ni, àbí ti àwo ọmọ? Ìwádìí náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí wọn kò fún ọmọ kan ní apá kan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.