Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Bá Pàdé nínú Ìmọ̀ Ìṣirò Kí Ó Tó Wọ Yunifásítì

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó gba krédíìtì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ìdánwò WAEC ni iṣẹ́ náà máa ń dojú rú mọ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù mélòó kan tí wọ́n bá dé ìpele tó ṣáájú yunifásítì. Nígbà kan rí, kíláàsì kẹfà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìpele yìí wà, ọdún méjì ni wọ́n sì fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò HSC. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 ló gba ipò rẹ̀. Lóde òní, lára àwọn ọ̀nà tó wà ni ìdánwò IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ń bójú tó, JUPEB, àti NCE tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ni.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i, yóò sì le sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni gbọ́ngbọ́n ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń jẹ́ ìdáhùn gan-an ló yí padà. Ní girama, ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà tó tọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́. Ní ìpele yìí, ìdí tí nọ́ńbà náà fi tọ̀nà ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́múlà àti orísun rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ: x² + 10x = 39. Akẹ́kọ̀ọ́ girama mọ fọ́múlà tí yóò fi ṣe é, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló mọ ibi tí fọ́múlà náà ti wá. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tó ṣiṣẹ́ ní Bágídádì, fi àwòrán ṣàlàyé ìṣirò yìí kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ilẹ̀ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ x. Kí ó pín 10x sí méjì, kí ó sì lẹ ilẹ̀ tóóró kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 5 mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lẹ èkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 39, ṣùgbọ́n igun kan ṣófo. 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25, ni yóò dí igun náà. Ilẹ̀ náà wá di 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di 8, x sì jẹ́ 3.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Bí wọ́n bá sọ −8 di púpọ̀ ní ọ̀nà −8, 64 náà ni yóò fún wọn, nítorí náà −13 náà jẹ́ ìdáhùn. Al-Khwarizmi kò ka irú èyí kún, torí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kò lè dín sí òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní gbọ́dọ̀ dárúkọ méjèèjì, kí ó sì sọ ìgbà tí ọ̀kan yóò bá ọ̀rọ̀ mu tí èkejì kò ní bá a mu.

Lẹ́tà tó dúró fún gbogbo nọ́ńbà

Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí lílo lẹ́tà bí ó ti rò. Àádọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta ó dín mẹ́wàá. Àádọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin ó dín mẹ́wàá. Àádọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún ó dín mẹ́wàá. Bí n bá dúró fún iye ogún, gbogbo wọn di 20n − 10. Áljẹ́brà nìyẹn, ẹnu àwọn ìyá tó ń ka owó lọ́jà ló sì wà. Bí n bá jẹ́ 2, ìdáhùn yóò jẹ́ 30, ọgbọ̀n ni Yorùbá sì ń pè é. Iye náà bá fọ́múlà mu; orúkọ ni kò tẹ̀ lé àwọn yòókù.

Níbi lẹ́tà yìí náà ni ìdẹkùn wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé n² + n + 41 yẹ̀ wò. Bí n bá jẹ́ 1, yóò rí 43. Bí ó bá jẹ́ 2, 47. Bí ó bá jẹ́ 3, 53. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín ìkọ̀ọ̀kan wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí n yóò fi dé 39. Ta ni kò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí láé? Ṣùgbọ́n bí n bá jẹ́ 40, ìdáhùn jẹ́ 1681, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. Ogójì àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá kà láti orí òfo, kò tó láti fìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ ìpele yìí kì í fi gba àpẹẹrẹ bí ẹ̀rí.

Ní ti kálíkúlọ́ọ̀sì tó máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, èrò kan ṣoṣo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: sísúnmọ́ ibi kan láìdé ibẹ̀. (x² − 9) ÷ (x − 3) kò ní ìtumọ̀ bí x bá jẹ́ 3, ṣùgbọ́n 2.9 yóò fún ni ní 5.9, 2.99 yóò fún ni ní 5.99, 3.01 yóò sì fún ni ní 6.01. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí kò ní sọnù nígbà tí àwọn àmì bá dé.

Ohun tó kan olùkọ́ ọ̀la

Akẹ́kọ̀ọ́ NCE kò kàn ń kọjá lọ sí yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wọn ń padà lọ dúró níwájú àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá há fọ́múlà sórí láti yege, híhá sórí náà ni yóò fi kọ́ni. Bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dorí ìdá kodò nígbà tí wọ́n bá ń fi ìdá pín nǹkan, "bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn" ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹni tí ìpele yìí ti kọ́ láti béèrè ìdí yóò gbé búrẹ́dì mẹ́ta sórí tábìlì, yóò bi ọmọ náà pé ìlàjì mélòó ló wà nínú wọn, yóò sì dákẹ́ kí ó kà á dé mẹ́fà fúnra rẹ̀.