Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wá Ọ̀nà fún Rélùwéè

Ọkọ̀ ojú irin kì í gun òkè bíi mọ́tò. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà ló ń rìn lé, kíá ló sì ń yọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi mítà kan ààbọ̀ péré ga sí i láàárín mítà 100, ọkọ̀ tó kó ẹrù wúwo ti ń mí hẹlẹ nìyẹn. Kò sì lè yà bìrí.

Ìdí rèé tí ojú irin kì í fi í gún gbọọrọ. Ìlà tààrà láti Ẹ̀bùtè-Mẹ́tà dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 130 lọ, ṣùgbọ́n ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 gùn tó 157. Ó yà kí Abẹ́òkúta, bí ti àtijọ́ tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ẹsẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ ìgbà náà fi ń la igbó kọjá.

Ká ní lónìí la fẹ́ wá ọ̀nà yẹn, orí GIS ni iṣẹ́ máa ti bẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń to máàpù lé ara wọn: ti odò, ti akùrọ̀, ti ilé, ti oko, ti bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Ti gíga ilẹ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 11 yí ayé po, ó ń fi rédà wọn ilẹ̀; àwòrán gíga ilẹ̀ tó yà láti òkè ọ̀run yẹn la ń rí lò.

Kọ̀ǹpútà á wá pín ilẹ̀ náà sí ojú kéékèèké bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, kí ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 30, kí ó sì ní iye tirẹ̀. Ká sọ pé ilẹ̀ títẹ́ jẹ́ 2, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè olókùúta jẹ́ 9. Bí a bá gba orí òkè kan kọjá, ojú 10 la máa gbà: 90. Bí a bá yí ẹsẹ̀ òkè náà ká, ojú 25 ni, ṣùgbọ́n 50 ni àròpọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á yí i ká. Edsger Dijkstra, ará Netherlands, ló gbé ọgbọ́n ìṣirò yìí jáde ní 1959: láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ni kó o ti máa tẹ̀ síwájú, títí o ó fi débi tó ò ń lọ.

Ta wá ni ó ń fi iye sí i? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fi 5 sórí ilé, ojú irin á gba àárín àdúgbò. Fi 50 sí i, á sá wọ akùrọ̀, owó afárá á sì ga. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló dá ẹjọ́ yẹn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n máa fi àwọn iye náà han aráàlú pẹ̀lú máàpù.

Àwòrán òkè ọ̀run náà ní àbùkù. Orí igi ni rédà sábà máa ń wọ̀n, igbó kìjikìji á wá dà bí ilẹ̀ gíga. Kò mọ ojúbọ, kò mọ sàréè. Baálẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fà sì máa ń rí ṣágiṣàgi, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbà á bẹ́ẹ̀. Agbègbè tó yẹ kí wọ́n wò ló fi hàn. Awọnlẹ̀ á ṣì lọ síbẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ wò, wọ́n á tún àwọn kọ́nà ṣe. Bí wọ́n bá bá sàréè pàdé, wọ́n á fi í kún máàpù, kọ̀ǹpútà á sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò.