Afẹ́fẹ́ Inú Yàrá Ìdarí: Bí Àyẹ̀wò Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Ìdí Tó Fi Kan Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ jí Àjọ Agbára Átọ́míìkì Nàìjíríà dìde ní 2006 (òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1976), ibi mẹ́rin ni àjọ náà yẹ̀ wò fún ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì àkọ́kọ́: Geregu ní Kogi, Itu ní Akwa Ibom, Lau ní Taraba, àti Àgbájé ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Geregu àti Itu ni wọ́n mú síwájú, ọ̀rọ̀ Àgbájé sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lè tún padà sórí tábìlì. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún gbé máàpù wá sí Òkìtìpupa tàbí Ìrẹ̀lẹ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, ó yẹ ká mọ ìtàn ohun kan tí kì í sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú nípa iná átọ́míìkì: bí àwọn tó ti ní in ṣáájú wa ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní mímọ́ kò mọ́.

Yàrá ìdarí ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń darí rìákítọ̀ máa ń wà tọ̀sán tòru. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn lè sá, àwọn kò gbọdọ̀ sá, nítorí rìákítọ̀ tí wọ́n ti pa ṣì ń gbóná, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ rí sí i pé omi ń dé ibẹ̀. Ààbò ẹ̀mí wọn ni ààbò ẹ̀mí àwọn tó wà níta. Ìdí nìyí tí ìlànà kan fi jáde ní Amẹ́ríkà ní 1971 pé ẹni tó bá wà nínú yàrá náà kò gbọdọ̀ gba ìtànṣán tó ju 5 rem lọ jálẹ̀ ìjàǹbá kan. Wọ́n mọ ògiri tó nípọn, wọ́n fi asẹ́ èédú tó ń gba áyódíìnì mú sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọ́n sì fi fáànù ti afẹ́fẹ́ wọ yàrá kí ti ìta má bàa ráàyè wọlé. Gbogbo rẹ̀ pé lórí ìwé. Ní 28 March 1979, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Three Mile Island ní Amẹ́ríkà, ìtànṣán dé inú afẹ́fẹ́ yàrá ìdarí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti wọ ìbòmú ńlá. Wọn kò gbọ́ ara wọn dáadáa mọ́, ní wákàtí tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ń sọ pé ìbòmú ti tó, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀.

Ní 1980, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, NRC, ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tún yàrá ìdarí wọn yẹ̀ wò. Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí, nítorí ohun tí wọ́n ń wọ̀n kọ́ ló yẹ kí wọ́n wọ̀n. Wọ́n á tan fáànù, wọ́n á wo aago tó ń wọn ipá, bóyá ipá afẹ́fẹ́ inú yàrá fi díẹ̀ ju ti ìta lọ. Bó bá jù ú, wọ́n gbà pé ṣe ni afẹ́fẹ́ ń jáde, kò sí èyí tó ń wọlé. Ó jọ ọgbọ́n. Àmọ́ fáànù kì í dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ibì kan ló ti ń fà á. Bí páìpù tí fáànù fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú asẹ́ bá gba inú yàrá mìíràn kọjá, tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì sán, afẹ́fẹ́ yàrá yẹn á máa wọlé láìgba inú asẹ́, aago á sì máa sọ pé ó dára, nítorí afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí náà wà lára ohun tó ń gbé ipá yàrá sókè. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ kì í wo aago nìkan. Inú omi ló ń ti túùbù bọ̀ kó lè rí ibi tó ń hó. Gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, sulphur hexafluoride, ni wọ́n wá lò dípò omi. Wọ́n á tú díẹ̀ sínú yàrá, wọ́n á jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, wọ́n á máa wọ̀n bó ṣe ń dín kù. Bó bá ṣe ń yára dín kù tó ni afẹ́fẹ́ tuntun ṣe ń wọlé tó. Wọ́n á yọ èyí tó gba inú asẹ́ kúrò, ìyókù ni èyí tó jí wọlé.

Títí di 2003, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe àyẹ̀wò yìí. Àfi ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló ń jò ju bí ìwé wọn ṣe sọ lọ, ti àwọn mìíràn sì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po jù ú. Ní June ọdún náà ni NRC kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé-iṣẹ́ pé aago ipá kò tó ẹ̀rí mọ́. Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò gáàsì ti ń wọ inú ìlànà iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 6. Ọdún 32 ló wà láàárín ìlànà àkọ́kọ́ àti lẹ́tà yìí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni parọ́. Nọ́ńbà tí ẹni tó ya àwòrán ilé kọ sílẹ̀ ni gbogbo èèyàn gbà gbọ́, títí ẹnìkan fi wọ̀n ọ́n.

Ẹnìkan lè ní jíjò náà kò pa ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, ìjàǹbá tí ì bá dán an wò kò tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima ní Japan ní March 2011. Iná kú, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ 6 gba ìtànṣán tó ju 250 millisievert tí ìjọba Japan fi ṣe òdiwọ̀n fún pàjáwìrì lọ, àwọn méjì tó gbà jù sì kọjá 600, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n mí sínú. Mo gbà pé àyẹ̀wò jíjò nìkan kì bá tí gbà wọ́n, nígbà tí kò sí iná tí yóò yí fáànù. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé mímí ni ewu náà ń gbà wọlé.

Àwọn mìíràn á ní ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló gba aago gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kú ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ní April 2015, tí orí ń fọ́ wọn, tí ojú wọn ń ṣú, àwọn kan ní ìbínú òrìṣà Malókun ni, àwọn onímọ̀ ìlera kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò ló sọ pé methanol ni. Májèlé tí ojú kò rí kò sí lábẹ́ àṣẹ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, onímọ̀ tàbí aláìmọ̀. Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó máa bi wá pé kí ló kan àwa tí ilé-iṣẹ́ iná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ń pèsè iná lẹ́bàá wa, tí ọ̀pọ̀ ìlú wa sì ti lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú òkùnkùn, kí ló kàn wá pẹ̀lú asẹ́ èédú? Ó bí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ebi iná ló máa ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá.

Ilẹ̀ wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èédú inú asẹ́ kì í gba áyódíìnì mú dáadáa bí ọ̀rinrin bá kún inú rẹ̀, òórùn ọ̀dà kíkùn pàápàá ń bà á jẹ́. Ní 1999, NRC ní kí wọ́n máa dán èédú wò ní ooru 30°C, nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ lè tó ìdá 95 nínú 100, nítorí àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ ń yìn ín ju bó ṣe yẹ lọ. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, afẹ́fẹ́ àárọ̀ ìgbà òjò lásán nìyẹn.

Òfin 1995 ti fún Àjọ Olùṣàkóso Átọ́míìkì Nàìjíríà, NNRA, ní agbára láti fúnni níwèé àṣẹ àti láti ṣàyẹ̀wò. Rìákítọ̀ kan ṣoṣo tí a ní, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria ní 2004, kò ju nǹkan bí 30 kilowatt lọ, kò sì lè kọ́ni ní àyẹ̀wò yàrá ìdarí ilé-iṣẹ́ 1,000 megawatt. Rosatom ti Rọ́ṣíà ni ìjọba bá tọwọ́ bọ̀wé ní 2017. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ń kọ́ Akkuyu ní Tọ́kì, tó sì ni ín, lábẹ́ àdéhùn pé òun náà ni yóò máa darí rẹ̀. Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, kò ní sí ẹlòmíràn tí yóò wọ̀n jíjò àfi NNRA. Nítorí náà kí ó wà nínú ìwé àṣẹ pé wọ́n á ṣe àyẹ̀wò gáàsì kí wọ́n tó kó epo átọ́míìkì sínú rìákítọ̀, kí ẹni tí akọ́lé kò sanwó fún ṣe é, kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà tí wọ́n bá rí mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ tó gbà á lálejò.