Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi l'óko: Ta ni yóò ka Bíbélì Yorùbá l'ọ́la?

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá àgbà tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rí lè ṣí Ìwé Orin Dáfídì, kí ó kà á geere. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ti dé kíláàsì karùn-ún lè máa kọsẹ̀ lórí ẹsẹ kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sọ́ńdè Sùkúù, ló fa ìyàtọ̀ yìí.

L'óko, agogo kì í lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo l'ọ́jọ́ Àìkú. Ti àkọ́kọ́ wà fún ẹ̀kọ́, èkejì wà fún ìsìn. Ọmọdé, obìnrin àti ọkùnrin á pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn lábẹ́ igi. Wọn á ka ẹ̀kọ́, wọn á sọ àkọ́sórí. Ọ̀pọ̀ ìjọ oko ni kò ní àlùfáà tirẹ̀. Katikíìsì ló ń bójú tó wọn, àlùfáà á sì máa wá láti ìlú fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àgbẹ̀ tàbí télọ̀ abúlé ni olùkọ́ sábà máa ń jẹ́.

Ìwé kíkà gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ní 1780, ní ìlú Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Raikes, ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tálákà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọn kò ráyè àfi l'ọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, ẹ̀kọ́ yìí bá wọn wọlé. Àtọmọdé àtàgbà ló jókòó kọ́ ABD. Ní 1884, odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ju ti ọjọ́ Àìkú lọ.

L'ónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó ti darúgbó ti wọ ìlú lọ. Ibi tí olùkọ́ kò bá sí, àkọ́sórí nìkan ló ń kù: ọmọ á ké e l'ọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé fún un, kò ní lè kà á.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí olùkọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ wọn ní ABD àti àmì ohùn kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ìjọ ìlú ra ìwé fún ìjọ oko, kí wọ́n sì ran olùkọ́ lọ́wọ́ lórí owó ọ̀kadà. Kí ẹ̀yin òbí náà má sì dúró de agogo kejì.

Ọ̀pọ̀ abúlé ló ń dáwó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.