Bí Fóònù Kékeré Ṣe Ń Gba Ẹ̀mí Là ní Ìgbèríko

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Adúláwọ̀, àìsàn nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn. Ọ̀nà jíjìn àti ìdádúró a máa pa wọ́n pẹ̀lú. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí 2, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó lè tètè pe agbẹ̀bí, tàbí tó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, wákàtí 2 náà kì í pẹ́ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ìlera fi ń wo fóònù alágbèéká gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìtọ́jú. Fóònù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí olówó ńlá tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí kékeré ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, tí bátìrì rẹ̀ sì lè lo ọjọ́ mélòó kan. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà, ó ti wọ ọ̀pọ̀ abúlé tí ọ̀dà kò tíì kan ọ̀nà wọn, tí iná mànàmáná kò sì tíì dé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́pò ìrìn ẹsẹ̀ ní Màláwì

Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ ti kọ́gbọ́n lára rẹ̀ ni ti ilé ìwòsàn St. Gabriel's ní Namitete, lórílẹ̀-èdè Màláwì. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló wà lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn náà, abúlé wọn sì fọ́n káàkiri. Tẹ́lẹ̀ rí, bí òṣìṣẹ́ ìlera abúlé bá fẹ́ jábọ̀ nípa aláìsàn, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé ilé ìwòsàn, tàbí kí ó dúró de ẹni tí yóò gun alùpùpù wá.

Ní ọdún 2008, Josh Nesbit, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà pín fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé 75. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn ló ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, nípasẹ̀ FrontlineSMS, ètò kọ̀ǹpútà tí Ken Banks gbé jáde ní ọdún 2005, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí aláìsàn bá dẹ́kun oògùn lílò, tàbí tí ara rẹ̀ bá burú sí i, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ti tó láti fi tó nọ́ọ̀sì létí. Láàárín oṣù 6, iye aláìsàn ikọ́ ife tí wọ́n lè bójú tó gòkè láti 100 sí 200. Wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìbá fi rìnrìn àjò, tí wọ́n wá rí lò fún ìtọ́jú, sì lé ní 1,000.

Kí oògùn ibà má baà tán

Ìṣòro ti Tàǹsáníà yàtọ̀. Ìyá lè gbé ọmọ tí ibà ń ṣe pọ̀n, kí ó rìn títí dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ fún un pé oògùn ti tán. Nígbà mìíràn oògùn náà wà lọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn kejì, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ tó ń pín in kò mọ̀.

Ní ọdún 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní SMS for Life ní ilé ìwòsàn 129 ní àgbègbè Lindi Rural, Ulanga àti Kigoma Rural. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń dé fóònù òṣìṣẹ́ ìlera, tí yóò béèrè iye oògùn ibà tó kù lórí pẹpẹ. Òṣìṣẹ́ náà yóò kà á, yóò sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá tètè dáhùn a sì máa gba owó ìpè díẹ̀. Láti inú ìdáhùn wọ̀nyí ni ọ̀gá ìlera àgbègbè ti ń mọ ibi tí oògùn ti pọ̀ jù àti ibi tí kò ti sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìdá 78 nínú 100 àwọn ilé ìwòsàn náà ni ó kéré tán oríṣi oògùn ibà kan ti tán lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 21, iye náà ti wálẹ̀ sí ìdá 26.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́sẹ̀

Ní Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ lè ran àwọn tó ní kòkòrò HIV lọ́wọ́ láti máa lo oògùn wọn déédéé. Ènìyàn 538 ló kópa láàárín ọdún 2007 sí 2008, ní ilé ìtọ́jú méjì ní Nairobi àti ọ̀kan ní Kajiado, tó jẹ́ ìgbèríko. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, nọ́ọ̀sì a fi ọ̀rọ̀ Swahili kan ránṣẹ́: "Mambo?", èyí tó túmọ̀ sí "Báwo ni?" Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá yóò dáhùn pé "Sawa", ẹni tó bá ní ìṣòro yóò sì kọ "Shida". Bí wákàtí 48 bá kọjá láìsí èsì, tàbí tí èsì bá jẹ́ "Shida", nọ́ọ̀sì yóò pè é.

Àbájáde ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2010. Ìdá 62 nínú 100 àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ ló lo oògùn wọn bó ti yẹ, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 50 láàárín àwọn tí kò gbà á. Kò sí orúkọ àìsàn kankan nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, nítorí náà ẹni tó bá ṣèèṣì kà á kò lè mọ àṣírí aláìsàn.

Ètò Àbíyè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúrà tí à ń gbà fún aláboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Láti mú kí àdúrà yìí ṣẹ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò tó jẹ́ dókítà oníṣègùn, ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009.

Ìdádúró mẹ́rin ni ètò náà dojú kọ: kí aláboyún tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí ó tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀, àti kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ. Wọ́n fún àwọn aláboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera wọn láìsanwó. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn aláboyún tí ó ń bójú tó, tí ó sì ń bẹ̀ wò nílé. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà náà.

Ohun tí fóònù kò lè ṣe

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, kì í ṣe fóònù ló wo aláìsàn sàn. Nọ́ọ̀sì ló dáhùn ní Kajiado, ọ̀gá ìlera ló pín oògùn ní Lindi, alùpùpù ló gbé òṣìṣẹ́ lọ sí abúlé ní Namitete. Fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé kò yàtọ̀ sí igbe nínú aginjù. Ìjọba tó bá pín fóònù láìpèsè òṣìṣẹ́, oògùn àti ọkọ̀ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ó sì yẹ kí a rántí àwọn abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì dé, àti àwọn obìnrin tí kò ní fóònù tiwọn.

Síbẹ̀, àwọn ohun kan wà tí ará abúlé lè ṣe láìdúró de ìjọba. Kí aláboyún àti ẹbí rẹ̀ gba nọ́ńbà agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù, àti ti awakọ̀ kan tó ṣe tán láti jáde lóru. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí ara ògiri pẹ̀lú, nítorí iná fóònù lè tán. Bí oṣù ìbímọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí owó ìpè má ṣe wọ́n lórí fóònù ilé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà, tàbí tí gìrì bá mú aláboyún, kí wọ́n pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.