Bí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba mìíràn, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù wa?

Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ káwọn kan gbọ́ ohùn mi tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ jáde. Ìbéèrè tí mò ń dáhùn ni pé: bí ìjọba kan bá gba ilẹ̀ tá a ti ń tajà, tí wọ́n ní àjèjì ni wá, ṣé ọjà wa lọ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká mú ti Bakassi. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dá a fún Kamẹrúùn. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2006, Ọbásanjọ́ àti Paul Biya tọwọ́ bọ àdéhùn ní Greentree, ní New York. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kamẹrúùn ò gbọdọ̀ fipá lé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀, pé kó dáàbò bo dúkìá wọn àti ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ ìbílẹ̀, kó má sì fi owó orí rẹ́ wọn jẹ.

Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ìjọba méjì ló fọwọ́ sí i. Apẹja tí wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ló lè bá a gbé ẹ̀sùn náà dìde, bó bá wù wọ́n.

Ti Gánà ló dun àwa Yorùbá jù. Kì í ṣe ìjà ilẹ̀, ìwé ni wọ́n fi lé wa. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìlọrin tí wọ́n ti pẹ́ ní Kumasi àti Tamale ta ọjà lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ láìsí ìwé, ọkàn ọ̀rẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un. (Àwa náà lé wọn ní 1983 o, ká má purọ́.)

Òfin ti wá wà báyìí. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sọ pé bí wọ́n bá lé ẹnì kan, kí wọ́n dáàbò bo dúkìá rẹ̀ kí wọ́n sì dá a padà fún un. Kóòtù ECOWAS wà ní Abuja, kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà. Láti 2005, èèyàn lásán lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀, kò pọn dandan kó kọ́kọ́ rojọ́ tán níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń lọ Niamey, ẹ fetí sí mi: Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde ní ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025. Kamẹrúùn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí. Ibi tó kù ni ìwé ẹ̀tọ́ ti Áfíríkà, tó dáàbò bo dúkìá, tó sì ní wọn ò gbọdọ̀ lé àjèjì lọ́pọ̀ yanturu nítorí ẹ̀yà wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i wà ní Banjul, àmọ́ wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rojọ́ tán ní kóòtù ibẹ̀.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lọ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni: kí ló fi hàn pé tìrẹ ni? Nítorí náà, orúkọ yín gan-an ni kó wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ti oníbàárà tàbí ti ọmọ onílé. Ẹ ya fọ́tò ìwé ìgbélùú, rìsíìtì àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó wà nílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í pa, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ kọ déètì, wákàtí, ọ́fíìsì tó wá, àti orúkọ ẹni méjì tó rí i. Ẹ fi lẹ́tà tó ẹ́ḿbásì wa létí, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Niamey tàbí Douala, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. A ó wo orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀.